Ògbufọ̀ Tí Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Kò Ní

Ní Gonzagueville, lẹ́bàá Abidjan, afẹ́fẹ́ òkun kì í jẹ́ kí nǹkan irin pẹ́ láyé. Ìdí nìyí tí Antoinette fi máa ń fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà rẹ̀ bí ẹni bo ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan lọ́dún 1998, kò ráyè bò ó. Olújídé ọkọ rẹ̀ ti ti Cotonou dé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì wà ní èjìká rẹ̀.

"Ìyá Solange, wá gba ẹrù rẹ."

Antoinette gbà á. Ó gbé e kalẹ̀. Ó rìn yí i ká, ó tún rìn yí i ká.

"Bàbá Solange, ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni. Páálí rẹ̀ dà?"

"Mo jù ú sílẹ̀ kí n tó dé bọ́dà Noé. Tí àwọn aṣọ́bodè bá rí páálí, wọ́n á ní ọjà tuntun ni. Mo yọ ọ́ jáde, mo fi ṣòkòtò àlòkù wé e. Ó di ẹrù ilé."

"Kò sí nǹkan mìíràn nínú páálí náà?"

"Ìwé pẹlẹbẹ kan àti dísíkẹ́ẹ̀tì. Kí la fẹ́ fi dísíkẹ́ẹ̀tì ṣe? Ẹ̀rọ la rà."

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò tó ń gba ọ̀nà yẹn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà pé èèpo ni páálí, pé ẹ̀rọ ni ẹ̀pà inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí ká Antoinette lára ju bí ọkọ rẹ̀ ṣe rò lọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń tẹ ìwé kíkà Yorùbá kan sínú kọ̀ǹpútà náà fún àwọn ọmọ ìjọ wọn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí o bá sọ ọ́ sí wọn, Faransé ni wọn yóò fi dá ọ lóhùn. Solange ọmọ rẹ̀ wà lára wọn. Alàgbà Étienne, tó ń bójú tó ilé ìjọ, ti ṣèlérí yàrá kan fún wọn ní ọ̀sán Sátidé, kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ. Àmọ́ àdéhùn wà níbẹ̀.

"Àwọn oníkarate ń bẹ̀ mí fún yàrá yẹn," ni Alàgbà wí. "Bí mo bá rí ìwé lọ́wọ́ àwọn ọmọ ní Sátidé yìí, ó di tiyín. Bí n kò bá rí i, màá fi kọ́kọ́rọ́ lé àwọn oníkarate lọ́wọ́."

Sátidé náà ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Antoinette fi wáyà so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, ó tan iná sí i. Ojú kọ̀ǹpútà fi Faransé sọ pé òun rí nǹkan tuntun, kí wọ́n fi dísíkẹ́ẹ̀tì "pilote" rẹ̀ sí i.

"Pilote?" ni Olújídé wí. "Ọkọ̀ òfurufú tó ń kọjá lórí ilé wa lójoojúmọ́ ló ní pilote. Ṣé eléyìí náà fẹ́ fò ni?"

"Ẹ bá mi bi àbúrò yín."

Olújídé lọ sí ilé tẹlifóònù tó wà ní ìkóríta, ó pe Akínṣọlá àbúrò rẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́. Akínṣọlá gbọ́ ọ tán, ó ní, "Bọ̀dá, dírẹ́bà rẹ̀ ni ẹ ò ní. Ẹ lọ wá dírẹ́bà rẹ̀." Ibẹ̀ ni tẹlifóònù ti já.

Olújídé padà délé, ó jókòó.

"Ó ní ká lọ wá dírẹ́bà."

"Dírẹ́bà wo?"

"Èmi náà ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń pè ní dírẹ́bà lọ́hùn-ún, chauffeur là ń pè é níhìn-ín. Màá wá a lọ sí Zone 4 lọ́la."

Ó lọ lóòótọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó wọ ilé ìtajà kọ̀ǹpútà kan níbẹ̀, ó sì fi Faransé tó já geere béèrè chauffeur fún imprimante, ìyẹn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ọmọbìnrin tó ń tajà wò ó láti òkè délẹ̀.

"Tonton, ṣé ọ̀nà jíjìn ló ń lọ ni?"

Ẹnìkejì ọmọbìnrin náà ti fi orí pamọ́ sẹ́yìn káńtà, ẹ̀rín ń pa á. Olújídé kò dúró gba ìkíni ìdágbére. Ó ti bọ́ síta.

Ẹnu ọ̀nà ni Placide ti bá a. Ọmọ ará Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n bí sí Abidjan ni. Ó máa ń gbé àpò dísíkẹ́ẹ̀tì kiri, ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láti ilé dé ilé.

"Vieux père, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yín. Y a pas drap, kò sí wàhálà. Pilote lẹ ń wá. Gbogbo imprimante tó wà láyé, pilote wọn wà nínú àpò mi."

"Gbogbo wọn?"

"Àfi èyí tí wọn ò tíì ṣe."

Olújídé mú un wálé bí ẹni mú dókítà wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Placide jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Antoinette dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ara rẹ̀ kò jẹ́ kó jókòó. Placide ki dísíkẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́. Orúkọ oríṣiríṣi ẹ̀rọ tò wálẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà bí èèrà. Kò yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ wò. Ó mú orúkọ kan tó jọ èyí tó rí níwájú rẹ̀, ó ní kó máa tẹ̀wé.

Ẹ̀rọ mira. Ó kùn. Ó fa bébà wọlé.

"Ó ń ṣiṣẹ́," ni Antoinette wí, ó di apá ọkọ rẹ̀ mú. "Bàbá Solange, ó ń ṣiṣẹ́."

Bébà jáde. Àwòrán ọkàn kékeré ló wà lára rẹ̀, àti igun mẹ́rin dúdú, àti ojú róbótó tó ń rẹ́rìn-ín. Òmíràn jáde, bákan náà ló rí. Ẹ̀rọ kò dúró. Ó ń pọ bébà bí ẹni tí oúnjẹ kò bá lára mu.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣa bébà nílẹ̀ ni Alàgbà Étienne bá wọn, ó wá wo ibi tí iṣẹ́ dé. Ó mú bébà kan, ó gbé e jìnnà sójú.

"Ìyá Solange, ìwé Yorùbá la jọ sọ. Èdè wo lo kọ yìí?"

"Alàgbà, ẹ̀rọ ni. Èmi kọ́."

"Ẹ̀rọ ti gba ẹ̀mí nìyẹn. Nínú ìjọ wa, ẹni tó bá ń fọ èdè àjèjì tí kò sí ògbufọ̀, a máa ń ní kó jókòó ni."

Antoinette fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Placide kò rẹ́rìn-ín. Ó ní pilote kan ṣì wà tí kò sí ẹ̀rọ tí kì í gbọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán ló máa ń tẹ̀, kò ní àwòrán, kò ní àrà. Ó yí i sí ìyẹn. Ẹ̀rọ tún kùn. Lọ́tẹ̀ yìí, lẹ́tà gidi ló jáde.

"Ẹ wò ó. Ó ti sọ̀rọ̀."

Antoinette já bébà gbà. Ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀ ni, "Ọkọ Títí lọ sí oko. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún." Ohun tó wà lórí bébà ni, "Oko Titi lo si oko. Ese re n dun un."

"Àmì rẹ̀ dà?"

"Àmì wo, Tantie?"

"Àmì orí, àmì abẹ́, gbogbo rẹ̀."

"Lẹ́tà pé. Àwọn ìyẹn, ọ̀ṣọ́ ni."

"Ọ̀ṣọ́? Oko wo ló lọ sí oko? Ṣé ilẹ̀ ló dìde tó ń rìn?"

Alàgbà na ọwọ́, ó gba bébà. "Bí èmi ṣe kà á, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló ń dùn ún. Ìyẹn náà dára. Ó ti ń ronú pìwà dà."

"Ẹ jẹ́ ká mú un bẹ́ẹ̀," ni Olújídé wí. "Ìwé ni Alàgbà fẹ́ rí. Ìwé nìyí."

"Ìwé ni mo ní kí n rí," ni Alàgbà dáhùn. "N kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ." Ó dé fìlà rẹ̀. "Ibi ìdánrawò akọrin ni mò ń lọ. Màá ní kí Huguette yà wò yín. Ìdí kọ̀ǹpútà ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Cocody."

Nígbà tí Alàgbà jáde tán, Antoinette mú bébà tí ó fi sílẹ̀. Bó bá gbà á bẹ́ẹ̀, yàrá di tiwọn lọ́la. Alàgbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ là á sí i létí. Ṣùgbọ́n àgbà tó gbédè ló lè fi ojú inú gbé àmì lé ọ̀rọ̀. Ọmọ tí kò gbédè tán ńkọ́? Ohun tó bá kà ni yóò gbà gbọ́.

"Rárá," ló wí. "Ìwé tí kò mọ ọkọ yàtọ̀ sí oko kò lè kọ́ ọmọ mi ní nǹkan kan."

"Ó dáa, fi bíírò fa àmì sí i."

"Ojú-ewé mélòó, Bàbá Solange? Ìwé ọmọ mélòó?"

Placide nu ojú rẹ̀. "Tantie, ó ku ohun kan péré. Ká formater ni. Màá nu gbogbo inú kọ̀ǹpútà yìí, màá tún Windows tò sí i, á mọ́ bí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Tó bá ti mọ́, imprimante á gbọ́ràn."

"Ṣe é," ni Olújídé wí. "Ilẹ̀ ń ṣú lọ."

Placide tẹ nǹkan díẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà di dúdú. Lẹ́tà funfun jáde, ó ń béèrè bóyá kí òun nu ohun gbogbo: kí wọ́n tẹ O bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n tẹ N bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Antoinette kà á.

"Placide, ìwé mi ńkọ́?"

"Ìwé yín? Ṣé kò sí níbòmíràn?"

"Inú ibẹ̀ nìkan ló wà."

Placide kò wí pé kò sí wàhálà mọ́. Ìka rẹ̀ ṣì wà lórí O. Antoinette na ọwọ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Gbé ìka rẹ kúrò."

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn, ọwọ́ lórí ọwọ́, nígbà tí Huguette kan ilẹ̀kùn wọlé, ìwé orin ṣì wà lábíyá rẹ̀. Òun náà ló máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníwàásù lọ́jọ́ Àìkú, tó ń yí Yorùbá padà sí Faransé.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Kí lẹ̀ ń dì mú?"

"Ó fẹ́ nu kọ̀ǹpútà mi."

Huguette wo ojú dúdú náà. Ó wo bébà tó kún ilẹ̀. "Nítorí pé imprimante kò tẹ̀wé? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Placide, tẹ N."

Placide tẹ N. Antoinette mí.

"Huguette, kí gan-an ni pilote yìí?" ni Olújídé béèrè. "Ọ̀kan ní dírẹ́bà, èmi ní chauffeur, àwọn kan fi mí rẹ́rìn-ín."

"Ẹ gbàgbé mọ́tò, Tonton. Ògbufọ̀ ni. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lọ́jọ́ Àìkú gan-an ni. Kọ̀ǹpútà ń sọ èdè tirẹ̀, imprimante ń gbọ́ èdè tirẹ̀. Pilote ló dúró láàárín wọn. Bí kò bá sí, wọn kò lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀rọ mìíràn, ìsọkúsọ ni yóò máa sọ, ẹ ti rí i nílẹ̀ yìí. Èyí tó tẹ 'Oko Titi' yìí, ògbufọ̀ tó mọ lẹ́tà ni, kò mọ àmì."

"Kò sí ohun tó ṣe kọ̀ǹpútà?"

"Ara rẹ̀ le. Ẹ fún mi ní dísíkẹ́ẹ̀tì òfìfo méjì."

Kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn, ó da ìwé Antoinette kọ sórí méjèèjì. Ó fi ọ̀kan lé Antoinette lọ́wọ́, ó ní kí Olújídé gbé èkejì lọ sí yàrá mìíràn. "Ní báyìí, bí òrùlé bá wó lu kọ̀ǹpútà yìí, ìwé yín wà láyé."

Lẹ́yìn náà ló yí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sẹ́yìn. Bébà kékeré kan lẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Ó pe Placide.

"Ka orúkọ rẹ̀."

Placide tẹrí ba, ó kà á. Ó tún un kà. "P ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tí mo mú kò ní P."

"Lẹ́tà kan."

"Lẹ́tà kan péré, Tantie Huguette."

"Àmì kékeré kan péré ló sọ ọkọ di oko."

Placide yọ fìlà rẹ̀. "Ní Adjamé, bó bá ti dojú rú, a máa ń formater ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi."

"Jókòó. Kọ́ òmíràn."

Wọ́n yọ pilote méjèèjì tí Placide fi síbẹ̀, kí wọ́n má bàa dá ìjà sílẹ̀ pẹ̀lú èyí tó ń bọ̀. Wọ́n pa kọ̀ǹpútà, wọ́n tún un tàn. Huguette wo inú CD Windows fúnra rẹ̀, nítorí ó ní pilote púpọ̀ nínú tí àwọn èèyàn kì í wá. Orúkọ tó ní P kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà jáde lẹ́yìn Windows yẹn ni.

"Ó ku ilé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ," ni Huguette wí. "Wọ́n kó pilote wọn sórí Íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò sí owó níbẹ̀, àfi owó àkókò tí a bá lò. Ẹ pàdé mi ní ilé Íńtánẹ́ẹ̀tì ní Cocody lọ́la, bí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn."

Ní òwúrọ̀ Sátidé, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ wọ ilé Íńtánẹ́ẹ̀tì náà. Ojú-ìwé tí wọ́n ń wá ṣí. Orúkọ ẹ̀rọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú P rẹ̀. Antoinette fi ìka kàn án lójú kọ̀ǹpútà bí ẹni kan ojúlùmọ̀ léjìká.

"Mú èyí tó wà lókè pátápátá," ni Olújídé wí.

"Ti Windows mìíràn nìyẹn, Tonton. Windows 95 ló wà nílé yín. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni."

Huguette tẹ̀ ẹ́. Ìlà búlúù kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lójú kọ̀ǹpútà. Ó ń rìn bí ìgbín. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn. Ó dé ààbọ̀. Ó kọjá ààbọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Íńtánẹ́ẹ̀tì já.

Olújídé gbá itan rẹ̀. Placide wo agogo ara ògiri. Huguette tún un bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ má wò ó," ló wí. "Omi tí a bá ń wò lórí iná kì í tètè hó."

Wọn kò wò ó. Wọ́n wò ó. Nígbà tó kún, Antoinette rí i pé ọwọ́ Placide lòun dì mú, òun kò sì mọ ìgbà tí òun dì í mú. Huguette fi kọ̀ǹpútà ibẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àrùn wà nínú rẹ̀. Kò sí. Ó dà á sórí dísíkẹ́ẹ̀tì.

Olújídé ló gbé e. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mọ́ àyà nínú takisí. Awakọ̀ bi í pé kí ló gbé tó ṣọ́ tó báyìí. Ó ní chauffeur ni. Awakọ̀ wò ó nínú dígí, kò tún bi í ní nǹkan kan mọ́ títí wọ́n fi dé Gonzagueville.

Nílé, Huguette ní kí Placide ṣe é fúnra rẹ̀. Placide fi dísíkẹ́ẹ̀tì sí i. Ó ka orúkọ sókè, ó ka P níkẹyìn, ó wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Ẹ̀rọ mira. Ó kùn. Ó fa bébà wọlé.

Antoinette kò lè wò ó. Ó kọjú sí ògiri.

"Ìyá Solange," ni Olújídé wí. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Wá kà á."

Ó kà á. Ọkọ Títí lọ sí oko. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún. Àmì kọ̀ọ̀kan wà ní ipò rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì fún gbogbo ilé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó láìsí orin.

Wọ́n tẹ ìwé náà tán lójú kan. Olújídé sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ Raliatou, tó ń ṣe fótókópì lẹ́bàá ọ̀nà, kó lè pọ̀ kárí. Ẹ̀rọ Raliatou ń ṣe é, Antoinette ń tò ó, Huguette ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an pọ̀, Placide ń ka ojú-ewé kí ọ̀kan má bàa fò. Ìwé náà ṣì gbóná nígbà tí wọ́n kó o sínú agbọ̀n.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìjọ, àwọn oníkarate ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọ aṣọ funfun wọn, wọ́n di ìgbànú. Àwọn ọmọ dúró lápá kejì. Alàgbà Étienne dúró láàárín, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Solange, mo ní mo fẹ́ rí ìwé."

Antoinette fi ọ̀kan lé e lọ́wọ́. Alàgbà kò wò ó. Ó fi í lé Marcel ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ọmọkùnrin tí kì í dá bàbá àgbà lóhùn àfi ní Faransé.

"Ka ibikíbi."

Marcel ṣí i. Ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀. "Bà-bá... à-gbà... mi..." Ó gbójú sókè wo Alàgbà, ó tún tẹjú mọ́ ìwé. "Bàbá àgbà mi, ẹ káàsán."

Alàgbà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú rẹ̀.

"Káàsán, ọmọ mi," ló wí. Ó yíjú sí àwọn oníkarate. "Ẹ̀yin, àgbàlá fẹ̀, afẹ́fẹ́ sì wà níbẹ̀." Ó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kọ̀ǹpútà nílé, ìtàn yìí kàn yín. Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ọn, ìbáà ṣe ti ìtẹ̀wé, ìbáà ṣe ti ohùn, ẹ gba páálí rẹ̀ àti dísíkẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀, kí ẹ san owó bọ́dà, kí ẹ gbé e délé pé. Ẹ̀rọ tí kò ní pilote, adití ni.

Bí ẹ̀rọ bá ń ṣe ségesège, kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà ti kú. Ẹ kọ́kọ́ da iṣẹ́ yín kọ sórí dísíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi pamọ́ síbòmíràn. Ẹ ka orúkọ tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ títí dé lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. Ẹ mọ Windows tí ẹ ń lò. Ẹ yọ pilote tí kò bá a mu kúrò, kí ẹ tó fi òmíràn sí i. Ẹ wò ó nínú CD Windows yín. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ni kí ẹ ti gbà á. Ẹ má gba èyí tí wọ́n ń tà nínú àpò lójú títì, ẹ kò mọ ohun tó bá a wọlé.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ nu ohun gbogbo, nígbà tí kò tíì wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ẹ fún un lómi mu, kí ẹ sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.